Ó Yẹ Kí A Lè Fi Ẹjọ́ Alábàáṣiṣẹ́ Sun Ọ̀gá Láìsí Ìbẹ̀rù

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń dun ọ̀pọ̀ àwa nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba, ìyẹn bí ó ti nira tó láti fi ẹjọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sun ọ̀gá, pàápàá bí onítọ̀hún bá ju ẹni lọ lọ́jọ́ orí.

Ní wọ́ọ̀dù wa, ìyá kan wà tí oòrùn ti máa ń mú kí wọ́n tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwa tí a ṣe iṣẹ́ òru. Bí ìyá náà bá sì gbé iṣẹ́ ọ̀sán lé wa lọ́wọ́, àlàfo la máa ń bá nínú ìwé tó yẹ kí wọ́n kọ oògùn tí aláìsàn ti lò sí. Bí a kò bá mọ̀ bóyá aláìsàn ti gba abẹ́rẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a lè fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè má gbà á rárá. Ẹni tó bá béèrè, èébú ni yóò gbà níṣojú aláìsàn. Gbogbo wa dákẹ́, nítorí ẹni tó bá sọ ọ́, wọn á ní olófòófó ni, kò sì mọ àgbà.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti bá àgbà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí kò gbọ́, ó tọ́ kí a kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí a gbé e tọ ọ̀gá lọ, láìmẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ilé onítọ̀hún tàbí ohun tí a gbọ́ lẹ́nu èrò.

Àwọn ọ̀gá gan-an ni mo ń bá wí. Òmíràn á ní kí a fi àdúrà sí i. Òmíràn á dárúkọ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, iṣẹ́ òru òpin ọ̀sẹ̀ á sì di tẹni náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn nọ́ńbà 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ní 2022, èyí tó dá lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, tó sì ní kí a dáàbò bo ẹni tó bá fẹjọ́ sùn lọ́wọ́ ìgbẹ̀san.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá fún ìyá náà ní kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tó ń béèrè àlàyé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kí ìyá náà lè fẹnu ara wọn sọ tiwọn, bóyá àárẹ̀ ni tàbí wàhálà ilé. Mo bẹ àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yan ẹnìkan, yàtọ̀ sí olórí wọ́ọ̀dù, tí yóò máa gba irú ẹ̀sùn báyìí ní àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí èsì yóò jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn.