Éfà ò tíì wó o: èsì sí lẹ́tà lórí DNA ìyá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ẹ fi àwòrán Éfà àti ejò sí lórí, tí ẹni tó kọ ọ́ ní DNA bàbá (DNA ni àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara wa) máa ń dà pọ̀ mọ́ ti ìyá nínú mítókọ́ńdríà, torí náà ọ̀rọ̀ pé ìyá kan ní Áfíríkà la ti ṣẹ̀ ti di irọ́. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí. Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ n ò ní sọ pé ẹni yẹn kàn dédé sọ ọ́.

Mítókọ́ńdríà yìí, kiní kékeré tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì ni, ó ní DNA tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, kọ, lẹ́tà 16,569 péré ni gbogbo ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá la sì ti ń gbà á. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí pé, "Sà, ṣé bàbá wá ò fún wa ní nǹkan kan ni?" Bàbá ní tiẹ̀ nínú àtọ̀ o, òun ló fi ń rí agbára wẹ̀ dọ́dọ̀ ẹyin, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé tán, wọ́n á pa á run. Nígbà tó jẹ́ ìyá nìkan ló kù, kò sí pé à ń gé abala tibí lẹ̀ mọ́ tọ̀hún bíi ti DNA yòókù, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè máa tọ okùn ìyá lọ sẹ́yìn.

Lọ́dún 1987, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Rebecca Cann, Mark Stoneking àti Allan Wilson, yẹ DNA mítókọ́ńdríà èèyàn 147 wò, inú olóbì ọmọ ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù, olóbì tí àwa máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé yẹn náà. Gbogbo ẹ̀ já sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Áfíríkà ní nǹkan bí 200,000 ọdún sẹ́yìn, òun ni wọ́n ń pè ní Éfà. Kì í ṣe òun nìkan lobìnrin tó wà láyé nígbà yẹn o! Obìnrin tó bá bí ọkùnrin nìkan, mítókọ́ńdríà tiẹ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn, kódà kó ní ọmọ-ọmọ ogójì. Ohun tó dùn mí nínú iṣẹ́ yẹn ni pé nínú 20 tí wọ́n pè ní ará Áfíríkà, méjì péré ni wọ́n bí sílẹ̀ yìí, dúdú Amẹ́ríkà làwọn yòókù.

Ọdún 1999 ni wàhálà dé. Àwọn onímọ̀ mìíràn, Awadalla, Eyre-Walker àti John Maynard Smith, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science pé bí àmì méjì (ìyẹn ibi tí lẹ́tà èèyàn kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì) bá ṣe jìnnà síra lórí DNA yìí ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn pọ̀ mọ́, lára èèyàn àti lára chimpanzee, bí ẹni pé wọ́n ti ń gé e lẹ̀ mọ́ra. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò ọdún Éfà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọdún yẹn náà ni Erika Hagelberg àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní àwọn rí àmì kan tó ṣọ̀wọ́n ní erékùṣù Nguna ní Vanuatu, orílẹ̀-èdè kan nínú Òkun Pàsífíìkì, lára àwọn tí okùn ìyá wọn ò jọra rárá, báwo ló ṣe dé ara gbogbo wọn? Wọ́n ní ó dà pọ̀ ni. Nígbà tó di 2000 àwọn fúnra wọn padà wá sọ pé àṣìṣe ni, àwọn ò to ìlà lẹ́tà náà bára wọn mu.

Mo ti ṣe é rí lójú pátákó. Mo kọ ACTGATCGA, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i àmọ́ mo fo C àkọ́kọ́, ó di ATGATCGA. Yàtọ̀ sí A iwájú, kò sí ìkankan tó bá ti òkè mu mọ́, ọmọ kan ní ẹ̀yìn ti pariwo pé "Sà, wọn kì í ṣe ẹbí o!" Ẹni tó bá ti rí aṣọ òfì tí télọ̀ rán tí ilà ò bá ilà pàdé, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọdún 2000 yẹn náà ni Ingman, Pääbo àtàwọn kan tún ka odindi DNA mítókọ́ńdríà èèyàn 53, Yorùbá wà níbẹ̀, Hausa àti Ìgbò náà wà níbẹ̀, wọn ò rí àdàpọ̀ kankan, Áfíríkà náà ló sì tún já sí.

Ibi tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ti rí tiẹ̀ mú ni ti ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan ní Denmark, tó máa ń tètè rẹ̀ tó bá ń ṣe eré ìmárale. Lọ́dún 2002 wọ́n rí i pé nǹkan bí 90% mítókọ́ńdríà inú iṣan ẹ̀ jẹ́ ti bàbá ẹ̀, àmọ́ ti ìyá ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2004 wọ́n tún rí ibi tí ti bàbá àti ti ìyá ti gé mọ́ra nínú iṣan kan náà. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n inú iṣan ọkùnrin kan ló wà, iṣan kì í bímọ, ọkùnrin ọ̀hún gan-an ò sì ní fi mítókọ́ńdríà ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa tẹ tèmi náà, ẹ má fi ejò sí i.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì,
Abẹ́òkúta