Àjàní, oṣù kejì ni kí o ka màlúù rẹ

Kétu

Àjàní, ọkọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà, bàbá rẹ náà ń kí ọ. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ nípa hẹ́kítà kan àbọ̀ tó wà lọ́nà Ìlárá: pé o fẹ́ máa sin màlúù síbẹ̀, pé márùn-ún lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àti pé kì í ṣe torí owó, ọkàn rẹ ló fẹ́ ẹ. Inú mi dùn sí i, mi ò sì ní sọ pé má ṣe é. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo, látàárọ̀ ṣúlẹ̀ rí ẹran tirẹ̀ wò lópin ọ̀sẹ̀, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí a ò lè sọ tán lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àbúrò rẹ jókòó tì mí, kó máa kọ ohun tí mo bá sọ.

Oṣù keje lo lọ wo ilẹ̀ yẹn. Gbogbo ilẹ̀ Kétu ló máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà náà, ta ni kò ní rò pé òun lè bọ́ màlúù mẹ́wàá? Oṣù kejì ni kí o lọ dúró síbẹ̀. Ọyẹ́ á ti fa omi inú koríko mu tán, iná ìgbẹ́ á ti jó apá kan, wàá máa rí ilẹ̀ pupa láàárín ìdí koríko. Iye ẹran tí ilẹ̀ yẹn àti ohun tí o bá tọ́jú pa mọ́ lè bọ́ lọ́jọ́ náà, iye màlúù tìrẹ nìyẹn. Èyí ni olórí ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi.

Ìwọ lo kàwé, bá mi ṣírò rẹ̀. Màlúù tó tó 250 kílò ń jẹ nǹkan bíi kílò 6 oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Bó bá jẹ́ koríko tútù ni, á tó kílò 25 sí 30, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá, ó sì ń wọ oṣù kẹta. Oṣù márùn-ún nìyẹn, ọjọ́ 150. Kílò 6 lóòjọ́ fún ọjọ́ 150 jẹ́ kílò 900, fún ẹyọ màlúù kan. Márùn-ún tí o ń sọ yẹn á jẹ tọ́ọ̀nù 4 àbọ̀ kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Níbo lo fẹ́ kó o sí? Koríko tó hù fúnra rẹ̀ lórí hẹ́kítà kan àbọ̀, agbára káká ni yóò fi bọ́ ẹyọ màlúù ńlá kan yípo ọdún.

Nítorí náà, koríko ni kí o kọ́kọ́ gbìn. Fi ìdajì hẹ́kítà gbin eèsún, àti Panicum C1 tí àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ máa ń mú wá. Bí òjò bá ti múlẹ̀ ni kí o gbìn ín, kí gbòǹgbò rẹ̀ tó ṣe gírí. Gé e nígbà tí igi rẹ̀ ò tíì le; bó bá ti ga ju èèyàn lọ, igi nìkan ló kù níbẹ̀, màlúù á fi ẹnu tì í sẹ́yìn ni. Ìgbẹ́ ẹran ni kí o máa kó padà sí ìdí rẹ̀.

Ohun tó kù, ọwọ́ àwọn ará oko ló wà. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ń dáná sun pòpórò àgbàdo wọn. Tètè lọ bá wọn kí wọ́n tó ṣáná, kí o bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀pọ̀ wọn á ní kí o máa kó o lọ. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà dára jù ú lọ fíìfíì. Abẹ́ òrùlé ni kí o tò wọ́n sí, lórí pẹpẹ, kí ọ̀rinrin má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. Èyí tó bá ti bu, kó o dànù. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí náà ní èèpo ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú èèpo tútù, ó sì ń pa màlúù. Sá a sóòrùn títí tí yóò fi máa kán tí o bá tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, má jẹ́ kí ẹran rẹ rí ibi tí o kó àgbàdo hóró sí. Bí màlúù bá já wọ àká, tó jẹ àgbàdo yó, ikùn rẹ̀ á kan, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ omi ní Kétu, o mọ̀ ọ́n, o pọn ọ́n ní kékeré. Nígbà ooru, màlúù kan ń mu lítà 30 sí 40 lóòjọ́. Bídọ́ọ̀nù lítà 25 mẹ́ta ni fún ẹran méjì, lójoojúmọ́, ọjọ́ ìsinmi ò sí nínú ẹ̀. Gbẹ́ ìkùdu tí yóò máa gba omi òrùlé, kí o rẹ́ inú rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, kí o tó na kọ́bọ̀ sórí ẹran.

Nígbà tí o bá ti ṣe ìyẹn tán, méjì ni kí o rà. Bí ó bá pọ̀ jù, mẹ́ta, kí wọ́n jẹ́ kékeré. Má ra ẹyọ kan o. Ẹran agbo ni màlúù. Èyí tó bá dá wà á máa ké tọ̀sán-tòru, á sì máa já ọgbà láti wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Abo ni kí o rà, má ra akọ. Akọ á jẹun rẹ yó, á tún máa lé àwọn ọmọdé kiri.

Àwọn màlúù abuké ńlá, funfun, oníwo gígùn tí o ń rí lójú títì, wọ́n wu ojú lóòótọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ lápá òkè ló bá wọn lára mu. Lọ́dọ̀ wa níbí, eṣinṣin tsetse ń fún màlúù ní àrùn tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, abuké kò sì lè gbà á mọ́ra. Èyí tí mo fẹ́ fún ọ ni màlúù kúkúrú tí wọ́n ń sìn ní àfonífojì odò Wẹ̀mẹ̀, lẹ́bàá Àjàṣẹ́ tí o wà yẹn. Lagunaire ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Kò ní iké, kò ga ju ìbàdí rẹ lọ, oúnjẹ rẹ̀ ò pọ̀, ara rẹ̀ sì ti mọ àrùn tsetse láti ayébáyé. Ìjọba ní oko tí wọ́n ti ń sin irú rẹ̀ ní Samiondji. Bí o bá fẹ́ èyí tó tóbi díẹ̀, wá irú Borgou, àdàpọ̀ àwọn kúkúrú àti àwọn abuké, òun náà ń fara dà á. Wàrà lagunaire kéré, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Bí o bá ń retí wàrà fún tíì àwọn ọmọ rẹ, Borgou lè fún ọ ní lítà kan tàbí méjì lóòjọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu. Sè é kó hó kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Brucellose, àrùn tó ń mú kí oyún bà jẹ́ lára màlúù, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ti inú wàrà tútù bọ́ sí ara èèyàn, má tẹ́tí sí ẹni tó bá ní adùn rẹ̀ á lọ.

Ọgbà náà, ṣe é ní ìlọ́po méjì. Bọ̀tújẹ̀ ni kó wà níta, torí ẹran kì í jẹ ẹ́. Àgúnmániyè ni kó wà nínú. Bí o bá gún igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ lásìkò òjò yóò hù, ewé rẹ̀ á sì tún di oúnjẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màlúù lè kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ nítorí òórùn rẹ̀. Gé e lálẹ́, jẹ́ kó rọ mọ́jú, wàá rí i pé á jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran nìkan. Bí màlúù bá wọ oko olóko lẹ́ẹ̀kan, ìbátan tó ti wà láti ọjọ́ baba ńlá lè dópin lóru ọjọ́ kan. O mọ ohun tí ojú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní ti rí ní agbègbè wa. Ìjọba ti ṣe òfin darandaran ní 2019, ní ìparí ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ní kí àwọn darandaran ilẹ̀ òkèèrè má fi ẹsẹ̀ da ẹran wọlé mọ́. Ọkàn àwọn èèyàn ò tíì rọ̀ tán lórí ọ̀rọ̀ màlúù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ọmọ mi nínú ẹjọ́ àgbàdo tí ẹran jẹ.

Jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe ń wo ẹran, torí ìyẹn gan-an ni sísìn. Láàárọ̀, kí o tó ṣí ilẹ̀kùn, dúró kí o wò wọ́n. Ṣé wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ? Ṣé imú wọn tutù, tó ń dán? Lẹ́yìn náà, bọ́ sí ìhà òsì ẹran kọ̀ọ̀kan. Kòtò kan wà níbẹ̀, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Bí ẹran bá jẹun dáadáa lánàá, kòtò yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bó bá jìn, ebi pa á tàbí kó má lè jẹun. Bó bá yọ síta tó sì le, tó ń dún bí ìlù tí o bá fi ìka lù ú, afẹ́fẹ́ ló há sí i nínú, má ṣe dúró wo ọ̀la, pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n. Bó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ti dín lára rẹ̀: yálà aràn, yálà eégbọn, tàbí tsetse. Wo etí, wo abẹ́ ìrù, wo ọmú. Ibẹ̀ ni eégbọn ń fara pamọ́ sí. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, irú kan ti bá àwọn màlúù tí wọ́n kó wá láti Brazil wọ Benin, oògùn tí a ń fọ́n tẹ́lẹ̀ kì í tètè ràn án. Ẹran méjì ni tìrẹ, o lè fi ọwọ́ ṣa eégbọn wọn kí o sì sọ wọ́n sínú epo. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ lè ṣe é. Wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Èyí tí o bá so mọ́lẹ̀, ìwọ ni Ọlọ́run rán sí i.

Abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn péripneumonie, àti ti pasteurellose, àrùn tó ń pa ẹran lójijì, ọdọọdún ni. Má jẹ́ kó fò ọ́. Má sì jẹ́ kí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kankan wà nílẹ̀ nínú ọgbà, màlúù ń gbé e mì, kì í jáde mọ́.

Bí abo bá ń gun ẹnìkejì rẹ̀, tó ń ké láìjẹun, akọ ló ń wá, á sì tún padà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 21. Yá akọ lọ́wọ́ ẹni tí o mọ agbo rẹ̀, tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí brucellose. Oṣù 9 ni oyún rẹ̀. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ mu omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n, láàárín wákàtí 6. Bí kò bá lè dìde, fún un nínú ìgò. Bí ibi ọmọ ò bá jáde, má fà á.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú èrò rẹ ni pé Àjàṣẹ́ lo wà. Ta ni yóò wo ìhà òsì yẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè? Èmi àti bàbá rẹ lè máa yà wò wọ́n, ṣùgbọ́n orúnkún wa ò lè gé eèsún mọ́. Àwọn kan á ní kí o kó wọn fún Fúlàní ní gáà. Wọn á tọ́jú wọn dáadáa, wọ́n mọ ẹran ju gbogbo wa lọ, wàrà ni wọ́n sì máa ń gbà. Àmọ́ ẹran tó wà nínú agbo ẹlòmíràn, tí ò ń rí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ṣé ohun tí ọkàn rẹ fẹ́ nìyẹn? Ohun tí mo rí sí i ni pé kí o wá ọ̀dọ́kùnrin kan nítòsí ilẹ̀ náà, kí o máa sanwó oṣù fún un bó ti yẹ, kí ó lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní gáà ọ̀rẹ́ mi láti kọ́ṣẹ́. Mo ti bá ìyá tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti gbà. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ lè ti kọ́ bí a ṣe ń fi omi ewé bọmubọmu dì wàrà, bó bá fẹ́.

Má ra ẹran lọ́dún yìí. Ọdún yìí, eèsún, ọgbà àti ìkùdu. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí o lọ ra méjì, kí o mú dókítà ẹran dání lọ sí ọjà. Bí o bá ń bọ̀ wálé, mú okùn ìwọ̀n dání, bàbá rẹ fẹ́ kí ẹ jọ wọn ibi tí ìkùdu máa wà. Mo ti bá ọ gba igi àgúnmániyè sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ó ní a gbọ́dọ̀ wá gé e kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni,
ìyá rẹ