Sí Àkànní, lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ rà

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o fi ránṣẹ́. Inú mi dùn pé o bi mí kí o tó lọ sanwó, nítorí mo mọ̀ pé ara ń yá ọ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi gígé yìí ní Houston, kí o má fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Maryland tí mo wà yìí kò jẹ́ kí n lè bá ọ lọ wò wọ́n, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

O ṣe dáadáa bí o ṣe yọ dísù kúrò. Dísù Ford tí owó rẹ lè ká, ẹ́ńjìnnì lítà 6.0 tàbí 6.4 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2010, owó àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò. Pẹtiróòlù ni kí o rà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù.

Má ra F-250 ọdún 2006 yẹn. Mo mọ̀ pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù, ara rẹ̀ sì ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lítà 5.4 tó wà nínú rẹ̀, èyí tí Ford ṣe fáàfù mẹ́ta mẹ́ta sí lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, yóò gba owó tí o rò pé o fi pamọ́ lọ́wọ́ rẹ. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ gùn, abala méjì ni wọ́n sì so pọ̀. Èédú inú ẹ́ńjìnnì á lẹ abala ìsàlẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀ pinpin. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá ń fi súpánà tú u jẹ́jẹ́, wàá gbọ́ “kẹ́”, òkè á bọ́ sí i lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ á sì jókòó sínú ihò. Irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń fà á jáde, mẹ́jọ sì ni púlọ́ọ̀gì náà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ tún burú jùyẹn lọ. Irin kan wà lórí kámúṣáàfù tí wọ́n ń pè ní cam phaser, ọ́ìlì ló ń tì í láti yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. Bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ń fi pípààrọ̀ ọ́ìlì falẹ̀, agbára ọ́ìlì á máa jò lọ níbi irin tó ń fa ṣéènì le, phaser yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu kọ́-kọ́-kọ́. Ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í sábà lù bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá gbóná, tó dúró sójú kan, ni wàá gbọ́ ọ. Ẹni tó ń tà á lè tan iná sí i lójú rẹ, kí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ẹlòmíì bá fi V10 ti ọdún yẹn, ẹ́ńjìnnì Ford onísílíńdà mẹ́wàá, lọ̀ ọ́, púlọ́ọ̀gì kan náà ló ní, ṣùgbọ́n kò ní phaser, ó sì lágbára ju 5.4 lọ dáadáa. Ẹrù tìrẹ kò tíì tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ bọ́ V10 ní epo.

Ó ku 6.2 inú F-250 ọdún 2012 àti 6.0 pẹtiróòlù inú Chevrolet Silverado 2500HD ọdún 2013. Méjèèjì ni búlọ́ọ̀kù wọn jẹ́ irin líle. Horsepower 385 ni Ford kọ fún 6.2, Chevrolet kọ 360 fún 6.0. Lóòótọ́, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, 6.2 sì dùn ún wà. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì 16 ló ní, owó rẹ̀ sì ju ti èkejì lọ. O ní ẹrù ẹ̀yìn rẹ kò ní ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 7,000 lọ. 6.0 ni kí o rà, kí o fi owó tó kù ra táyà àti bíréèkì tírélà. Kì í pa sílíńdà kankan tì lójú ọ̀nà láti dín epo kù bíi 5.3 inú Silverado kékeré, páàtì rẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Ṣí píjìnhóòlù, wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀: bí o bá rí GT5, jíà ìdí ọkọ̀ náà jẹ́ 4.10, ìyẹn ni pé ọ̀pá tó ń yí i á yí ju ìgbà mẹ́rin lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló dára fún tírélà.

Bóòtù tó di sàlénsà mọ́ ẹ́ńjìnnì ni àìsàn 6.0, pàápàá tẹ̀yìn. Ó máa ń kán, ariwo tíkí-tíkí rẹ̀ á sì lọ bí irin bá ti gbóná. Nítorí náà, kí o tó jẹ́ kí wọ́n tan iná sí i, gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Wo wákàtí ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe máìlì nìkan. Máìlì 120,000 tó bá wákàtí 4,000 rìn dára. Bó bá jẹ́ wákàtí 8,000, ó ti dúró jẹ epo lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ Houston, rántí omi ìjì Harvey ọdún 2017 tó bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀: fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpẹ̀kun, kí o wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀.

Tí o bá ti wà á tó gbóná dáadáa, pè mí lórí fídíò, kí o gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì kí n gbọ́ ọ kí o tó sanwó. Mò ń retí rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, bá mi kí ìyàwó rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.