Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ́ Dube kì í ṣe ẹyọ kan: ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, ẹ bá wa ṣe àtúnṣe

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ fi ṣèrántí Lucky Dube, olórin régè, akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé ìran John Dube, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ANC ní Gúúsù Áfíríkà, ni olórin náà ti wá. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó mú wá ni pé orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá bẹ́ẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí, pàápàá orúkọ bíi Dube, tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ́ ẹ.

Ní èdè Zulu, idube ni ẹranko tó dà bí ẹṣin kúkúrú, tí ilà dúdú àti funfun gba gbogbo ara rẹ̀ kọjá. Kò sí irú rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ni àwọn tó ń kọ ìwé ń pè é. Zulu, Xhosa, Swati àti Ndebele wà lára àwọn èdè tí a ń pè ní Nguni, orúkọ ẹranko sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń sọ wọ́n. Ndlovu ni erin, Nyathi ni ẹfọ̀n, Ngwenya ni ọ̀nì. Ẹni tó bá gbọ́ wọn lórí rédíò tí kò mọ ìtumọ̀ wọn lè rò pé orúkọ lásán ni.

Isibongo ni àwọn Zulu ń pe orúkọ ìdílé, agbára rẹ̀ sì ju ti orúkọ tí àwa ń kọ sí ìparí sí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé lọ. Ẹni tó ń jẹ́ Ndlovu, bí àgbàlagbà bá fẹ́ kí i tayọ̀tayọ̀, yóò pè é ní “Gatsheni”, yóò fi “Boya benyathi”, irun ẹfọ̀n, lé e, orí olúwarẹ̀ yóò sì wú. Izithakazelo ni wọ́n ń pe irú kíkì bẹ́ẹ̀, gbogbo isibongo ló sì ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ìnagijẹ ni Madiba tí gbogbo ayé ń pe Nelson Mandela. Orúkọ ìran rẹ̀ ni, ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin pàápàá kì í sọ ti bàbá rẹ̀ nù nílé ọkọ: ọmọ Dlamini tó fẹ́ ọmọ Khumalo, MaDlamini ni ará ilé ọkọ rẹ̀ yóò máa pè é. Àwọn méjì tí isibongo wọn jẹ́ ọ̀kan náà kì í fẹ́ra wọn, torí pé ọmọ ìyá ni àṣà kà wọ́n sí bí wọn kò tilẹ̀ ríra rí.

Bí a bá wá ohun tó sún mọ́ isibongo jù lọ lọ́dọ̀ tiwa, oríkì orílẹ̀ ni. Ọmọ Òpómúléró lè máa jẹ́ Ọláníyan, kó máa jẹ́ Johnson, kó máa jẹ́ Sulaiman. Ìgbà tí wọ́n bá ń kì í la ó tó mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn wà ní ìlú tí a kò lè kà tán, orúkọ bàbá wọn kò sì jọra. Orúkọ tí a ń kọ sí ìparí lónìí, orúkọ tí wọ́n sọ bàbá tàbí bàbá bàbá kan lọ́jọ́ ìkómọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Míṣọ́nnárì, ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ló sọ ọ́ di orúkọ ìdílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé John Dube gan-an nìyẹn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ Dube. Olórí àwọn amaQadi ni bàbá náà, ẹ̀ka kan sì ni àwọn amaQadi jẹ́ lára ìran Ngcobo. Ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó wà ní Inanda, ní àríwá Durban, ọmọ wọn, James, sì di pásítọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì béèrè orúkọ bàbá James, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìlú tiwọn, wọ́n sì fi ṣe orúkọ ìdílé fún un. Ngcobo ló yẹ kí John jẹ́. Dube tirẹ̀ kò wá láti ọ̀dọ̀ ìran tí ẹranko abilà jẹ́ orúkọ fún. Orúkọ bàbá àgbà kan ni. Àwa náà mọ irú ìtàn yìí dáadáa. Ta ni yóò sọ pé àwọn Crowther ti ilẹ̀ wa jẹ́ ẹbí àlùfáà ìlú London tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní Freetown lọ́dún 1825?

Níbi tí àpilẹ̀kọ yín ti fi gbólóhùn kan péré dárúkọ John Dube, ó dùn mí. Ìwé ìròyìn Yorùbá ni tiyín, ọkùnrin yìí sì jẹ́ baba fún irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ọdún 1871 ni wọ́n bí i. Ó lọ kàwé ní Oberlin ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí Booker T. Washington, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ń ṣe ní ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Tuskegee wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì padà wálé wá dá ilé-ìwé Ohlange sílẹ̀ ní Inanda ní 1900, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1903, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Ilanga lase Natal, ìyẹn Oòrùn Natal, agbègbè tí Durban wà, ní èdè Zulu. Ìwé Ìròyìn ti Abẹ́òkúta ti jáde ní 1859, tiwa ṣíwájú. Ṣùgbọ́n Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ló ni ín, kò sì pẹ́ tó fi kógbá sílé ní 1867. Ilanga, ọmọ onílẹ̀ ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde títí dòní. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn kí a máa ka èdè wa.

Nígbà tí àwọn aṣojú pé jọ sí Bloemfontein lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1912 láti dá ẹgbẹ́ tó padà di ANC sílẹ̀, John Dube kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn ní ààrẹ. Lọ́jọ́ tí Mandela dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1994, ilé-ìwé Ohlange ló mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ó lọ síbi ibojì John Dube, ó sì jábọ̀ fún un pé Gúúsù Áfíríkà ti gba òmìnira.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jáde rárá nínú àpilẹ̀kọ yín ni Nokutela, ìyàwó John, ọmọ Mdima. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ dá Ohlange sílẹ̀, tí wọ́n jọ gbé Ilanga dìde, tí wọ́n sì jọ rìn káàkiri Amẹ́ríkà láti tọrọ owó ilé-ìwé náà. Olùkọ́ orin ni. Ó ń kọrin, ó ń lu dùùrù, ó ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Ẹgbẹ́ akọrin Ohlange ló sì kọ orin àdúrà Enoch Sontonga ní ìpàdé 1912 yẹn, orin tí a ń gbọ́ nínú orin orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà lónìí. Nokutela kò bímọ, ìgbéyàwó náà sì tú ká. Ó kú ní Johannesburg ní 1917, wọ́n sì sin ín sí ibojì tí kò ní òkúta, tí kò ní orúkọ, nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀ ibi ìsìnkú Brixton. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tó wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cherif Keita, ọmọ orílẹ̀-èdè Mali, ló wá a kàn, ọdún 2013 ni wọ́n sì tó gbé òkúta tó ní orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orúkọ Dube ga, òun ni wọ́n kò kọ ọ́ sí ibojì rẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Ọ̀pọ̀ Dube ló tún wà ní Sìmbábúè, ní agbègbè Bulawayo. Mzilikazi, ọmọ Khumalo, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Zulu láyé Shaka, ọba Zulu, tó sì tẹ̀dó síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, èdè Nguni sì bá wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Dube ibẹ̀ ló bá a rin ìrìn-àjò yẹn. Àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ ní ẹranko ìdílé tiwọn tẹ́lẹ̀, tí wọn kì í jẹ ẹran rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní èèwọ̀ ìdílé. Nígbà tí èdè Ndebele gbilẹ̀, wọ́n yí orúkọ ẹranko wọn sí èdè tuntun: ìdílé abilà di Dube, ìdílé erin di Ndlovu, ìdílé kìnnìún di Sibanda. Ọmọ Dube láti Bulawayo tó wá ṣiṣẹ́ ní Johannesburg lè pàdé ọmọ Dube láti Durban, kí orúkọ wọn bára mu pátápátá, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dà wọ́n pọ̀.

(Ẹni tó bá wá orúkọ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò tún bá Shivam Dube pàdé, agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ti Íńdíà. Orúkọ àwọn Bráhímínì, ìran àlùfáà ẹ̀sìn Híńdù, ni tirẹ̀, láti ara ẹni tó mọ méjì nínú ìwé mímọ́ Veda. Kò kan abilà rárá. Musa Dube ní tirẹ̀, ọmọ Botswana ni, obìnrin sì ni, onímọ̀ Bíbélì tí òkìkí rẹ̀ kàn. Kí akọ̀ròyìn yín má baà pè é ní Alhaji o: oore-ọ̀fẹ́ ni umusa túmọ̀ sí ní Zulu.)

Ní ti Lucky fúnra rẹ̀, Ermelo ni wọ́n bí i sí ní 1964, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Mpumalanga báyìí, ibẹ̀ sì jìnnà sí Inanda. Oyún ti bàjẹ́ lára ìyá rẹ̀ léraléra kó tó bí i, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Lucky, bí ìyá tiwa ṣe máa ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Orin mbaqanga, orin ijó ìlú wọn, ní èdè Zulu ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sórí régè. Kò sí ẹni tó gun bọ́ọ̀sì láti Ìwó Road ní Ìbàdàn lọ sí Èkó láyé kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní mọ ohùn rẹ̀. Awakọ̀ á ki kásẹ́ẹ̀tì bọnú ẹ̀rọ, á tún un yí padà nígbà tó bá parí, ará ọkọ̀ tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì pàápàá á máa bá a gbe ègbè.

Lálẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2007, ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Rosettenville ní Johannesburg. Àwọn adigunjalè fẹ́ gba ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n yìnbọn fún un, ó sì kú. Ìjọba rí wọn mú, wọ́n sì dá mẹ́ta lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n gbére ní 2009. Ohun tó jáde látẹnu ọlọ́pàá ni pé àwọn tó pa á kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé ọmọ Nàìjíríà ni. Àpilẹ̀kọ yín fo èyí dá. Ó yẹ kí gbogbo òǹkàwé yín mọ̀ ọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ìjà lílé àjèjì bẹ́ sílẹ̀ ní Alexandra ní Johannesburg, ó sì tàn kálẹ̀. Ó lé ní 60 ènìyàn tó kú, àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà gan-an sì wà nínú wọn.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ tẹ àtúnṣe sí ojú ewé kan náà tí àṣìṣe ti jáde, kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé orúkọ kan náà kò fi hàn pé Lucky jẹ́ ọmọ ilé John Dube. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá tún ń kọ nípa ọmọ ilẹ̀ Nguni kan, kí wọ́n wádìí izithakazelo rẹ̀ bí wọn yóò ṣe béèrè oríkì ọba tiwa kí wọ́n tó kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹ sì fún Nokutela ní ojú ewé tirẹ̀. Bí ẹ bá gbà mí láyè, èmi ni n ó kọ ọ́, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn