Àkànní, ọwọ́ ọmọ yẹn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ lò ń ṣe ní Houston yẹn, mo sì mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Ìṣẹ́yìn, òru ṣì ni lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n o ráyè gbé fọ́tò ìbọn sórí WhatsApp rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London ló fi hàn wá. Ó ní ìbọn Winchester àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 1887 ni, èyí tí wọ́n ń ti irin abẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ tí wọ́n sì ń fà á padà kí kátíríìjì tó wọlé. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ kan fẹ́ tà á fún ọ, ó tilẹ̀ ti gbé e wá sílé kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní o tún ń wo ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ń ṣe ní Italy, o kò sì tíì mọ èyí tí wàá mú.

Ìyá rẹ wo fọ́tò náà, kò sọ̀rọ̀, ó dìde lọ sílé ìdáná. Èmi ni mo jókòó tì í. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ bá kì í ṣe ìbọn. Bàtà ọmọ-ọmọ mi ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn náà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Níbo lo gbé e sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Kí n tó gbàgbé, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù ilé ìdáná, a ti kàn án padà, nítorí náà má dààmú nípa owó tí o ṣèlérí tí a kò rí. Àbúrò rẹ ti ṣe JAMB. Eékún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún.

Mi ò fẹ́ kí o rò pé arúgbó tí kò mọ nǹkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdẹ ni mí, ìwọ náà sì mọ̀. Mo ní kí àbúrò rẹ ka gbogbo ohun tó bá rí nípa ìbọn 1887 yẹn fún mi. John Browning, ará Ogden ní Utah, ló ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ó jẹ́ onírin abẹ́. Èyí tí wọ́n ń fà síwájú sẹ́yìn ló rò pé ó dára jù fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Winchester ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ìbọn onírin abẹ́ ni gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ó ṣe ti ọkàn rẹ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n sọ ní 1897, ìyẹn sì tà ju ti àkọ́kọ́ lọ gidigidi.

Ibi tí mo ti ní kí àbúrò rẹ dúró, kó tún un kà, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tù. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ìbọn yẹn fún, irú èyí tí àwa ń dà sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín tó wà nínú kátíríìjì ìsinsìnyí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò tí kátíríìjì ń wọ̀ nínú ògbólógbòó náà sì kúrú. Kátíríìjì íǹṣì 2¾ tí wọ́n ń tà káàkiri lè wọ̀ ọ́ kó sì dà bíi pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu kátíríìjì bá fẹ́ ṣí, kò ní ríbi ṣí sí, gbogbo agbára yẹn á sì padà sára irin tó ti lé ní ọgọ́fà ọdún, níwájú ojú rẹ. Dá a padà fún ọ̀rẹ́ rẹ. Lónìí.

Bí o bá sì sọ pé dandan ni, ẹ̀dà tuntun ni kí o mú. Norinco ti China ti ṣe é rí, Chiappa ti Italy náà ń ṣe é. Ti Italy ló wù mí, nítorí òfin ilẹ̀ wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ yin ìbọn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọta tó lágbára ju ti ọjà lọ, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Wá òǹtẹ̀ yẹn lára rẹ̀ kí o tó sanwó. Íǹṣì 2¾ ni kátíríìjì rẹ̀, má fi ti íǹṣì 3 dán an wò láé. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹnu rẹ̀ kúrú bíi ti inú fíìmù. Bí ọ̀pá rẹ̀ kò bá pé íǹṣì 18, tàbí tí gbogbo gígùn ìbọn kò pé íǹṣì 26, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1934 mú un. Ìyẹn tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan yí po nínú fíìmù, wọ́n tún irin abẹ́ rẹ̀ ṣe ni. Èyí tí wàá rà á gé ọ níka.

Ìka. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ṣé green card yín, káàdì ìgbé Amẹ́ríkà, ti jáde? O kò sọ fún wa. Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ni o ṣì wà lórí rẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò gbà kí o ní ìbọn lọ́wọ́, àfi bí o bá wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tán. Èyí tó wà nílé rẹ báyìí pàápàá lè wà nínú rẹ̀. Má parọ́ nínú fọ́ọ̀mù 4473 tí wọ́n máa fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bá ọ rà á lórúkọ ara rẹ̀. Irọ́ kékeré lórí ìbọn kì í dúró ní kékeré, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Àkànní, o mọ ọwọ́ òsì Bàbá Kékeré. Láti kékeré lo ti gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀lùbọ́ ló gé ìka mẹ́ta yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ fún yín. Irọ́ ni.

Ọdún 1978 ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àbúrò mi jẹ́ mẹ́sàn-án. Bàbá wa lọ síbi ìsìnkú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Mo mú ṣakabùlà rẹ̀, mo ki ẹ̀tù àti ọta sí i, mo fẹ́ lọ wá ọ̀yà létí oko. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá pè mí sí bọ́ọ̀lù. Mo fi ìbọn ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo da aṣọ bò ó. Aṣọ, Àkànní. Mo rò pé aṣọ tó. Nígbà tí mo gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín lọ́wọ́ lórí pápá.

Mo sọ fún bàbá mi pé ọmọ náà ló ki ìbọn náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Bàbá mi wò mí títí, ó ní ó dáa. Ó kú kí n tó lè sọ òtítọ́ fún un. Àbúrò mi mọ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń gbá orí rẹ mọ́ra nígbà tí o bá ń sunkún lọ́mọdé.

Nítorí náà mi ò lẹ́nu láti sọ pé o kò ní òye. Ọ̀dẹ̀ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mo mọ ohun tí o ń wá nínú ìbọn yẹn, bàbá mi ni. O máa ń jókòó sẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń fi òróró nu tirẹ̀, o sì jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tó kú. Ọmọ rẹ ti pé mẹ́fà báyìí. Ó ń wo ọwọ́ rẹ bí ìwọ ṣe ń wo ọwọ́ bàbá mi.

Gbọ́, kí o sì ṣe é lálẹ́ òní, yálà ti ọ̀rẹ́ rẹ ni o tàbí ti Italy. Kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí èèyàn kò sí. Máa fa irin abẹ́ náà títí ohunkóhun kò fi ní já bọ́ mọ́. Márùn-ún ló ń wọ ihò ìsàlẹ̀, òmíràn sì lè wà nínú ìbọn gan-an. Lẹ́yìn náà wò ó, kí o tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Kátíríìjì lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀, nínú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ. Má gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọdé mọ bí wọ́n ṣe ń gun àga. Òfin Texas alára ní ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tí wọ́n ti kì gbé nílé nítorí pé àgbà kò ṣọ́ra, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òfin ló ń bà mí.

Kí ìyàwó wa. Sọ fún un pé mi ò bínú pé kò pè, kó sì bá mi wo ẹ̀yìn gbogbo ilẹ̀kùn ilé yín.

Tí o bá ti ṣe gbogbo rẹ̀, ya fọ́tò àpótí irin náà ní títì ránṣẹ́ sí mi, àti ọmọ-ọmọ mi níwájú rẹ̀, kí ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí n rí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.