Ẹ má tíì sọ̀rètí nù lórí àmọ̀tẹ́kùn Amur

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ẹranko tó ń parẹ́ láyé, níbi tí ẹ ti ka àmọ̀tẹ́kùn Amur, irú àmọ̀tẹ́kùn tó ń gbé nínú igbó olótùútù ní ààlà Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, mọ́ àwọn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò sì gbà á.

Òótọ́ ni pé díẹ̀ ló kù kó tán. Ẹranko yìí, tí irun rẹ̀ ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 nígbà òtútù, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn baba wa mọ̀ nínú igbó. Ó ti run ní gúúsù Kòríà. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà ní 2007, nǹkan bí 30 péré ni wọ́n kà.

Èyí tó tẹ̀lé e ni ẹ ò kọ. Ní 2012, ìjọba Rọ́ṣíà ya igbó tó lé ní 260,000 hẹ́kítà sọ́tọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ilẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn. Nígbà tí títì fẹ́ gba òkè Narva, níbi tí ẹranko náà ń gbà kọjá, abẹ́ òkè ni wọ́n lu títì náà gbà. Láti 2016, mọ́tò ń sáré nísàlẹ̀, àmọ̀tẹ́kùn ń rìn lókè. Ṣáínà náà dá ọgbà ńlá tiwọn sílẹ̀ lódìkejì ààlà ní 2021. Lónìí, àwọn àmọ̀tẹ́kùn náà ti lé ní 100. Ta ló wá ní kò sí ìrètí?

Ewu ṣì wà o. Àwọn ọdẹ tó ń yọ́ pa á wà, iná tí àwọn ará abúlé ń tì bọ koríko gbígbẹ sì máa ń ràn wọ igbó, á sọ ọ́ di pápá, bẹ́ẹ̀ àmọ̀tẹ́kùn yìí kì í fẹ́ gbé pápá gbalasa. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọmọ àwọn bí 30 yẹn ni gbogbo wọn. Ẹbí ló ń gun ẹbí, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì kóra jọ sí. Ní 2015, àrùn tó máa ń pa ajá mú ọ̀kan nínú wọn. Bó bá ràn ńkọ́?

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń gbèrò, ó ti pẹ́, láti tú ọmọ àwọn tó wà nínú ọgbà ẹranko káàkiri ayé sílẹ̀ sí igbó Lazo, ibòmíràn ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, kí wọ́n lè ní ibùgbé kejì. Iṣẹ́ yẹn ló yẹ kí ayé máa béèrè lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn