Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Páànù Ara Ògiri

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà fún yín.

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ láàárín ìjọ: "Lágbájá mọ òwò ṣe, ẹ jẹ́ kó wá ṣèjọba." Mo fẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lára Samuel Jones, oníṣòwò tó di méyọ̀, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1897.

Ilẹ̀ Wales ni wọ́n bí i sí ní 1846, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e sọdá òkun ní kékeré. Ìṣẹ́ ò jẹ́ kó kàwé púpọ̀. Ìdí kànga epo rọ̀bì ló ti ṣe lébìrà, ibẹ̀ náà ló sì ti là. Ó wá ṣe irú ọ̀pá irin kan tí wọ́n fi ń fa epo, ó sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Toledo ní 1894 láti máa rọ ọ́.

Ọ̀dá owó mú gan-an lásìkò náà. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ń bẹ̀bẹ̀, iyekíye tí ọ̀gá bá dá lé e ni wọ́n máa gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́ mọ bí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ṣe ń dán ọkàn wò. Jones kọ ẹsẹ Bíbélì kan sára páànù, ó kàn án mọ́ ògiri, ó ní òfin ilé-iṣẹ́ òun nìyẹn: "Gbogbo ohunkóhun tí ẹ̀yin bá ń fẹ́ kí ènìyàn kí ó ṣe sí yín, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀yin kí ó sì ṣe sí wọn" (Mátíù 7:12).

Ta ni kò lè kọ ẹsẹ Bíbélì sára ògiri? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ kò sì rí owó oṣù gbà. Ti Jones dé inú ìwé owó. Wákàtí mẹ́jọ ni iṣẹ́ òòjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń gba ìsinmi, owó rẹ̀ kò sì dín. Kò gba ọmọdé síṣẹ́. Kò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ wákàtí tí wọ́n ṣe sílẹ̀.

Nígbà tó dé ipò, kò pa ìwà dà. Ó gba kóńdó lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó fún wọn ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sọ iṣẹ́ tiwọn náà di wákàtí mẹ́jọ. Òfin ìgbà náà gbà kí méyọ̀ jókòó ní kọ́ọ̀tù bí adájọ́ kò bá sí. Bí ó bá ti kan Jones, ọ̀pọ̀ òtòṣì tí wọ́n kó wá síwájú rẹ̀ ló ń gba ilé lọ. Ní 1902, àwọn aṣòfin Ohio gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, èmi tí mo jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ni pé àwọn pásítọ̀ ìlú wà lára àwọn tó gbógun tì í, nítorí kò ti àwọn ilé ọtí pa. Èmi náà kò fẹ́ràn ilé ọtí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń ṣe ohun tí Jésù wí lójú gbogbo ayé, ilé ọtí nìkan ni wọ́n rí! Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ náà kọ̀ ọ́ ní 1899. Ó dá dúró, ó sì wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Orí oyè ló wà tó fi kú ní oṣù keje 1904. Wọ́n ní bó ṣe kú báyìí ni ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro gbówó lórí. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó dùn mọ́ àwọn tó ń ra ìpín náà nínú.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ dupò, inú ìjọ yóò dùn láti gbàdúrà fún un. Kí ó kọ́kọ́ lọ san gbogbo owó oṣù tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí awakọ̀ rẹ̀ àti ọmọ tó ń bá a tajà bá a wá síwájú pẹpẹ. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn kí n tó gbọ́wọ́ lé e lórí.